Iṣin: Tuntun Fún Ta Ni?



Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Jàmáíkà ní agbègbè Jane àti Finch, ẹ ó rí agolo kan lórí pẹpẹ, nítòsí ibi tí wọ́n ń to ẹja oníyọ̀ sí. "Ackee" ni wọ́n kọ sí i lára. Bí ẹ bá ṣí i, ohun tó wà nínú rẹ̀ rí bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dín. Àwọn ọmọ wa tó ní ọ̀rẹ́ ọmọ Jàmáíkà mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun àti ẹja oníyọ̀ ni wọ́n ń pè ní oúnjẹ orílẹ̀-èdè Jàmáíkà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé iṣin ni. Iṣin kan náà tí bàbá àgbà wọn ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Ìṣẹ́yìn.

Ní kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá, mo kọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe igi yìí sójú pátákó: Blighia sapida. Mo sọ fún wọn pé ọdún 1806 ni wọ́n tẹ orúkọ náà jáde gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹ̀yà igi tuntun. Ọmọbìnrin kan nawọ́. Ó ní, "Mà, tuntun fún ta ni?" Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìbéèrè tó dára tó bẹ́ẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ̀yin òbí náà lè bá wọn sọ ọ́ nílé.

Lẹ́nu àwọn onímọ̀ nípa ewéko, "tuntun" kò túmọ̀ sí ohun tí ojú ènìyàn kò rí rí. Ó túmọ̀ sí ohun tí kò tíì wọ ìwé wọn. Kí igi kan tó wọ ìwé náà lónìí, ẹnì kan ní láti ká ẹ̀ka rẹ̀ pẹ̀lú ewé àti òdòdó tàbí èso, kí ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ láàárín bébà, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Páálí yìí ni ẹ̀rí. Wọn á tọ́jú rẹ̀ sí ilé àkójọ ewé gbígbẹ, kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i lè lọ wò ó fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni onímọ̀ yóò jókòó tì í. Yóò ka ewé, yóò wọn òdòdó, yóò fi èso rẹ̀ wé ti gbogbo àwọn tó jọ ọ́ tí wọ́n ti wà nínú ìwé. Iṣẹ́ yìí lè gba oṣù, ó sì lè gba ọdún. Bí kò bá rí èyí tó bá a mu, yóò kọ àpèjúwe rẹ̀ sílẹ̀, yóò sọ ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn ará ilé rẹ̀, yóò fún un ní orúkọ, yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọjọ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ni wọ́n bí igi náà lójú tiwọn. Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ rí igi ni wọ́n ń kà sí, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọ̀nà tó bá òfin wọn mu ni.

Orúkọ náà máa ń jẹ́ alápá méjì. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló fi ẹsẹ̀ àṣà yìí múlẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1753, ọdún yẹn ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò títí di òní. Apá kìíní dà bí orúkọ agboolé. Apá kejì ni orúkọ tí igi náà ń jẹ́ láàárín agboolé. Ó dà bí ẹni pé a ń pe ènìyàn ní Adéyẹmí Bọ́lá dípò Bọ́lá Adéyẹmí. Blighia ni agboolé, sapida ni orúkọ. Ní èdè Látìnì, sapida túmọ̀ sí ohun tó dùn lẹ́nu. Ẹ fi "dùn lẹ́nu" yẹn sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ta ni Bligh? Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọpa igi náà fúnra rẹ̀.

Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ilé iṣin. Ní 1778, dókítà kan tó ń jẹ́ Thomas Clarke, ẹni tí wọ́n fi ṣe onímọ̀ ewéko fún erékùṣù Jàmáíkà, ra ọmọ iṣin lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó kó ẹrú wá láti Áfíríkà. Àwọn òyìnbó ìgbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi bò, bí ẹni kọ iye owó ìrẹsì. Ẹ rò ó wò ná. Nínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n de ènìyàn mọ́lẹ̀, wọ́n sì tọ́jú ọmọ igi kí ó má bàa bàjẹ́.

Ta ló wá kọ́ àwọn ará Jàmáíkà ní bí a ṣe ń jẹ ẹ́? Orúkọ rẹ̀ ló dáhùn. "Ackee" kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú èdè Akan, èdè àwọn ará Gánà, ni ó ti wá, àwọn Akan sì pọ̀ gan-an láàárín àwọn tí wọ́n kó lọ sí Jàmáíkà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ tàbí dókítà ló mọ igi náà, orúkọ òyìnbó ni ì bá jẹ́. Lójú tèmi, orúkọ yẹn jẹ́ ẹ̀rí bí páálí ewé gbígbẹ ṣe jẹ́ ẹ̀rí: ó fi hàn pé ẹni tó ti mọ igi náà nílé ló nawọ́ sí i nínú oko ìrèké, tó sì pè é lórúkọ.

Àwọn Yorùbá náà dé Jàmáíkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ní àwọn ọdún 1840, lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí oko ẹrú, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Nago ni wọ́n ń pè wọ́n. Títí di òní, abúlé kan wà ní Westmoreland lọ́hùn-ún tó ń jẹ́ Abeokuta. Ìgbà tí àwọn wọ̀nyẹn fi máa dé, iṣin ti tó ọgọ́ta ọdún níbẹ̀. Wọ́n bá ará ilé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ó wá kan Bligh. William Bligh ni ọ̀gá ọkọ̀ Bounty tí wọ́n fi ṣe sinimá lóríṣiríṣi. Lẹ́yìn ọdún 1775, nígbà tí ogun Amẹ́ríkà ń dí ọ̀nà oúnjẹ, tí ìjì líle náà sì ń ba oko jẹ́, ebi pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrú kú ní Jàmáíkà. Àwọn olóko kò rò ó pé kí àwọn dín ìrèké kù kí àwọn ẹrú lè ráyè gbin oúnjẹ púpọ̀ sí i. Oúnjẹ tí kò ná wọn lówó ni wọ́n ń wá. Ni wọ́n bá rán Bligh lọ sí Tahiti láti lọ kó gbẹ̀rẹ̀fútù wá. (Àwọn ará Ifẹ̀, ẹ mọ gbẹ̀rẹ̀fútù dáadáa. Ìtàn tirẹ̀ náà gùn, mo lè kọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn.) Ní oṣù kẹrin 1789, àwọn atukọ̀ rẹ̀ dìtẹ̀, wọ́n já òun àti àwọn méjìdínlógún sínú ọkọ̀ kékeré kan lójú agbami, wọ́n sì da igi gbẹ̀rẹ̀fútù sínú òkun. Bligh wa ọkọ̀ kékeré yẹn ju 6,000 kìlómítà lọ kí ó tó gúnlẹ̀ ní Timor. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ ọkọ̀ wà.

Wọ́n tún rán an lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ọkọ̀ Providence, lọ́tẹ̀ yìí ó sì kẹ́sẹ járí. Ó kó gbẹ̀rẹ̀fútù dé Jàmáíkà ní oṣù kejì 1793. Nígbà tí ó ń padà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kó àwọn ewéko Jàmáíkà lọ́wọ́ fún ọgbà ọba ní Kew. Iṣin wà lára wọn. Gbogbo ohun tó pa Bligh àti iṣin pọ̀ kò ju èyí lọ: ó gbé e nínú ọkọ̀ fún oṣù díẹ̀.

Ní 1806, ọmọ Jámánì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, Charles Konig, tẹ àpèjúwe igi náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí òun àti John Sims jọ ń ṣe, èyí tí wọ́n pè ní Annals of Botany. Ó wò ó títí, ó rí i pé kò bá agboolé kankan tó ti wà nínú ìwé mu. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun mọ́ àwọ̀ ewé, ó sì ń ta sánsán. Èso rẹ̀ pọ́n, ó ní yàrá mẹ́ta. Bí ó bá gbó tán, yóò là fúnra rẹ̀, kóró dúdú mẹ́ta tó ń dán bí ojú ẹranko yóò yọ síta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á jókòó lórí ohun jíjẹ tó funfun bí ọ̀rá. Agboolé tuntun ni Konig dá sílẹ̀ fún un, ó sì fi orúkọ Bligh sọ agboolé náà. Igi tó ti Áfíríkà wá, tó ti Jàmáíkà dé ọ̀dọ̀ wọn, tí ọmọ Jámánì sọ lórúkọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù!

Ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí rèé. Ní 1808, ọdún méjì péré lẹ́yìn Konig, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Tussac, ẹni tó ti gbé ní erékùṣù tí a mọ̀ sí Haiti lónìí, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ewéko erékùṣù wọ̀nyẹn. Òun náà ṣàpèjúwe iṣin gẹ́gẹ́ bí igi tuntun. Orúkọ tí ó fún un ni Akeesia africana. Ẹ ò rí i? Akeesia, láti inú ọ̀rọ̀ Akan tí àwọn ẹrú mú wá. Africana, láti sọ ibi tí ó ti wá. Bí ìwé Tussac bá ti ṣáájú ni, ohun tí a ó máa kọ sórí pátákó lónìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde ló ń borí. Ọdún méjì ni Áfíríkà fi pàdánù orúkọ náà.

Kí ẹ má sì yára yin Tussac. Ní 1810, ọkùnrin yìí kan náà kọ ìwé láti fi gbèjà àwọn olóko ẹrú. Ẹnì kan lè fún igi ní orúkọ tó yẹ kí ó má sì fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ tó yẹ. Ní ti Bligh, ìjọba ti fi í jẹ gómìnà ní Australia ní 1806 tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé. Ní 1808 tí ìwé Tussac bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí Bligh ń darí kì í fara mọ́ ọn pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí "dùn lẹ́nu". Konig sọ pé iṣin dùn lẹ́nu, òótọ́ ni. Ó dùn ní jíjẹ tútù, ó dùn bí a bá dín in tàbí tí a sun ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wà ní kékeré, bí a bá fi ọ̀pá ṣá iṣin lórí igi, ìyá wa kò ní fi ẹnu lásán bá wa wí. Iṣin tó bá là fúnra rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí a jẹ, a sì gbọ́dọ̀ yọ okùn pupa tó wà nínú rẹ̀ dànù pẹ̀lú kóró. A kò bi wọ́n pé kí ló dé. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà ní ilé tí iṣin wà mọ̀ pé iṣin tí kò là, ikú ni.

Apá yìí kò sí nínú orúkọ tí wọ́n fún un, ó sì pẹ́ gan-an kí ó tó wọ ìwé wọn. Ní Jàmáíkà, àìsàn èébì kan wà tó ń pa àwọn ènìyàn, pàápàá àwọn ọmọdé ilé tálákà. Ọdún 1916 ni dókítà kan, Harold Scott, tó kọ ọ́ pé iṣin tí kò gbó ló ń fa àìsàn náà. Ní 1954, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì tó wà ní Jàmáíkà wá yọ májèlé náà sọ́tọ̀. Hypoglycin ni wọ́n pè é, nítorí pé ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ títí ọpọlọ kò fi ní rí ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ó pọ̀ nínú èso tútù; bí èso bá ṣe ń gbó ni ó ń dín kù nínú apá tí a ń jẹ, ṣùgbọ́n inú kóró kì í mọ́ rárá. Láti 1806 sí 1954, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Nítorí májèlé yìí ni Amẹ́ríkà kò fi jẹ́ kí iṣin inú agolo wọ ìlú wọn láti 1973 títí di 2000. Ní Burkina Faso ní 1998, àìsàn aṣekúpani mú ọmọ kéékèèké 29 láàárín oṣù díẹ̀. Iṣin tútù ni àwọn oníwàdìí tọ́ka sí.

Ẹ̀yin òbí, mo ń sọ èyí nítorí àwọn ọmọ tí ẹ ń mú lọ sílé ní àsìkò ìsinmi. Wọ́n lè pe ackee dáadáa, wọ́n ti jẹ ẹ́ nínú agolo, wọ́n sì lè rí èso pupa lórí igi kí wọ́n rò pé ohun kan náà ni. Ẹ sọ fún wọn. Ó gbọ́dọ̀ là fúnra rẹ̀ lórí igi.

Nísinsìnyí, ọmọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè yẹn tún bi mí ní òmíràn: ṣé àwọn Yorùbá máa ń fún igi ní orúkọ lásán ni, tàbí wọ́n ní ìlànà? Ìlànà wà. Igi kan wà tó jọ iṣin gan-an, èso rẹ̀ kéré sí ti iṣin, ewé kéékèèké tó wà lórí ẹ̀ka ewé rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti iṣin. Akọ iṣin ni à ń pè é. "Akọ" níbí kò túmọ̀ sí pé igi náà jẹ́ ọkùnrin. Ó túmọ̀ sí èyí tó jọ ọ̀kan tí a ti mọ̀, tí kò sì wúlò fún wa bíi tirẹ̀. Ní 1868, John Gilbert Baker ní Kew ṣàpèjúwe igi yìí, ó sì fi í sínú agboolé iṣin: Blighia unijugata. Ẹni tó sọ ọ́ ní akọ iṣin kò lo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni òun àti Baker gbé igi náà sí. Unijugata túmọ̀ sí pé ewé kéékèèké rẹ̀ jẹ́ méjì péré tó kọjú síra. Bí ẹ bá ka ewé igi náà, ẹ ó sábà rí mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Orúkọ tiwa kò ní ìṣòro yẹn.

Ẹ wo obì pẹ̀lú. Obì àbàtà, obì gbàǹja, obì ẹdun. Ṣé ẹ rí i pé orúkọ alápá méjì ni? Obì ni agboolé. Àbàtà, gbàǹja àti ẹdun ni orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé àwọn onímọ̀ náà yà wọ́n sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe yà wọ́n: Cola acuminata ni obì àbàtà tó máa ń ní awẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Cola nitida ni gbàǹja tó sábà máa ń ní méjì, Cola millenii ni obì ẹdun. Níbí yìí, Áfíríkà kò pàdánù, nítorí Cola jẹ́ ọ̀rọ̀ Áfíríkà. Millenii ni Henry Millen, òyìnbó tó ń tọ́jú ọgbà ewéko ìjọba ní Èkó ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Tiwa ní ẹdun ni, ọ̀bọ inú igbó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dìbò èyí tó wù wọ́n.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bu iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wọ̀nyí kù. Iṣin la ń pè é, ackee ni Jàmáíkà ń pè é, àwọn mìíràn sì ní orúkọ tiwọn. Bí dókítà ní Kingston bá kọ Blighia sapida, dókítà ní Ìbàdàn mọ ohun tó ń sọ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn sì lè gba ẹ̀mí là. Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ní ilé àkójọ ewé gbígbẹ tó lókìkí, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ní Jẹ́ríkò. Páálí tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Nígbà tí Keay, Onochie àti Stanfield kọ ìwé wọn, Nigerian Trees, tí apá kìíní jáde ní 1960 tí èkejì sì jáde ní 1964, wọ́n kọ orúkọ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ ń pe igi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Látìnì. Ohun tí mo rò pé ó yẹ nìyẹn. Kí orúkọ méjèèjì dúró, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé orúkọ kan ni òótọ́, èkejì ni ti ará oko.

Iṣẹ́ náà kò tíì tán o. Ní 2022, àwọn onímọ̀ Kew àti ti Cameroon tẹ àpèjúwe igi tuntun kan jáde láti igbó Ebo ní Cameroon, wọ́n sì fi orúkọ òṣèré Leonardo DiCaprio sọ ọ́, nítorí pé ó bá wọn pariwo kí wọ́n má bàa gé igbó náà. Uvariopsis dicaprio. Ìdí tó wà nínú orúkọ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju ti Bligh lọ. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn sì ti ń yẹ orúkọ àtijọ́ wò. Ní ìpàdé àgbáyé wọn ní Madrid ní oṣù keje 2024, wọ́n dìbò pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan, caffra, tó jẹ́ èébú fún àwọn ènìyàn dúdú ní Gúúsù Áfíríkà, kúrò nínú orúkọ ewéko tó lé ní 200, kí ó di affra, èyí tó tọ́ka sí Áfíríkà. Lẹ́tà kan péré ni wọ́n yọ. Iṣin kò sí lára wọn, nítorí Bligh kì í ṣe èébú, ọ̀gá ọkọ̀ lásán ni.

Àwọn tó ni ilẹ̀ tí a wà yìí náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Igi máàpù tí wọ́n ń fa omi ṣúgà lára rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Humphry Marshall ló tẹ orúkọ rẹ̀ jáde ní 1785, Acer saccharum. Ó ti pẹ́ kí ọdún yẹn tó dé tí àwọn Anishinaabe ti ń se omi igi náà di ṣúgà. Ininaatig ni wọ́n ń pè é.

Mo dárúkọ máàpù nítorí ohun kan tí kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì tó fẹ́ gbà mí gbọ́. Ìran kan náà ni máàpù àti iṣin. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni ìwádìí inú ẹ̀jẹ̀ igi, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀, ti mú kí àwọn onímọ̀ kó máàpù wọ ìran Sapindaceae, níbi tí iṣin wà. Orúkọ ìran náà ti inú ọ̀rọ̀ ọṣẹ wá, nítorí èso àwọn kan nínú wọn máa ń hó bí ọṣẹ. Iṣin tútù náà ń hó bẹ́ẹ̀ nínú omi, àwọn kan sì ń fi í fọ aṣọ. Igi tí ewé rẹ̀ wà lára àsíá Kánádà àti igi ẹ̀yìnkùlé bàbá àgbà, ẹbí ni wọ́n.

Wọ́n jọ pín nínú májèlé náà pàápàá. Máàpù kan wà tí wọ́n ń pè ní Manitoba maple, ó pọ̀ káàkiri àfonífojì odò Don níbí ní North York. Ní 2013, àwọn onímọ̀ rí i pé hypoglycin, májèlé inú iṣin, wà nínú kóró rẹ̀, àti pé òun ló ń pa àwọn ẹṣin tó bá jẹ ẹ́ nínú pápá. Iṣin àti ẹṣin, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí.

Ní Sátidé kejì oṣù kẹwàá, bí òjò kò bá rọ̀, a ó mú àwọn ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́jọ lọ sí etí odò náà. Kí olúkúlùkù mú pẹ́ńsù, páálí pẹlẹbẹ kan àti bébà àtijọ́ wá. A ó ṣa ewé àti kóró tó bá ti já sílẹ̀, a kò ní ṣẹ́ ẹ̀ka igi kankan, a kò sì ní fi kóró sẹ́nu. A ó tẹ̀ wọ́n, a ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ, a ó sì kọ ọjọ́, ibi tí a ti rí i àti orúkọ ẹni tó ṣà á sí abẹ́ rẹ̀. Ní ti igi ṣúgà, a ó kọ Acer saccharum, a ó kọ ininaatig. Ìlà kẹta ni ti Yorùbá, ó ṣì ṣófo. Ẹ bá àwọn ọmọ ronú sí i kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà lórí fóònù.